Irun Kápténì Gideon

Àwọ̀ wo ni irun tó wà lábẹ́ dígí náà?

Ìbéèrè kékeré ni. Ọmọdé lè dáhùn rẹ̀. Gbogbo ará Skarby ló ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́: wọ́n ní pupa ni, pupa bíi bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Thirza Leng nìkan ni kò tíì rí èsì fún un. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ irun náà síbẹ̀. Ó mọ orí tó ti gé e. Síbẹ̀, tí o bá bi í lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ló máa wò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò bù mọ́ ọn. Díẹ̀ nínú àwọn tó ṣí fìlà nígbà náà ṣì wà láyé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ ìdí tó fi ṣí i.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Thirza lọ́dún náà. Amos ọkọ rẹ̀ wà lójú omi, nínú ọkọ̀ tó ń kó èédú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti Letty ọmọ wọn nìkan ló wà nílé. Letty kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, irun orí rẹ̀ sì pupa débi pé àwọn obìnrin tó ń la ẹja létí èbúté kì í jẹ́ kó kọjá lásán.

"Ìyá Letty, gbé iná yẹn wá ká fi tan pìpù!"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ṣebí Amos wà lókun lọ́dún yẹn? Bóyá Kápténì Gideon ló yà sílé wọn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Thirza náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ á fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀rù ọmọ náà kì í tán lára rẹ̀. Tí Letty bá sùn pẹ́ díẹ̀, Thirza á lọ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí i nímú, kó lè mọ̀ bóyá ó ń mí. Tó bá rí i pé ó ń mí, á tún gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ti tó ọgọ́rin ọdún tí Kápténì Gideon Askwith ti kú. Òun ló wa ọkọ̀ kékeré jáde nígbà mẹ́fà nínú ìjì, tó gbé ọkùnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n padà wálé, tí òtútù wá pa á lórí iyanrìn bó ṣe fẹ́ jáde nígbà keje. Wọ́n gé díẹ̀ nínú irun pupa rẹ̀, wọ́n fi í sínú ohun ọ̀ṣọ́ wúrà kékeré kan tí dígí bò lójú, irú èyí tí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń há mọ́ àyà aṣọ dúdú wọn. Wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn, pẹ̀lú ọjọ́ tó kú: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á gbé e sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn apẹja á tò kọjá, oníkálukú á fi àtàǹpàkò kan dígí náà. Ẹni tí kò bá kàn án, kò sẹ́ni tó máa bá a wọ ọkọ̀ lọ́dún náà.

Iṣẹ́ irun ni Thirza ń ṣe. Tí èèyàn bá kú, àwọn ará ilé á gé nínú irun rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ fún Ọ̀gá Storr alágbẹ̀dẹ wúrà, Ọ̀gá Storr á sì fi ránṣẹ́ sí Thirza. Thirza á se irun náà nínú omi sódà kí ọ̀rá lè kúrò lára rẹ̀. Á tò ó bó ṣe gùn tó. Á so òjé wẹ́wẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè nà, á wá dì í, tàbí kó lọ́ ọ bí ewé, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ojú fèrèsé ló ti ń ṣe é, ní ọ̀sán gangan, nítorí iná fìtílà máa ń purọ́ àwọ̀ irun.

Nínú iṣẹ́ náà, irun òkú kan kò gbọdọ̀ pàdé ti òkú mìíràn. Àwọn tó mọ̀wé máa ń kọ orúkọ òkú sórí bébà pélébé, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ irun rẹ̀. Thirza kò mọ̀wé. Òwú ló fi ń dá wọn mọ̀, òwú búlúù fún tibí, òwú yẹ́lò fún tọ̀hún. Inú agolo kan ló ń kó àwọn òwú náà sí.

Màmá Harland ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ìyá àgbà náà ń dá gbé lókè àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ sì ti fọ́ tán. Àga ọmọdé kan wà létí ààrò rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹrù lé. Àwọn àgbà ní ó bímọ kan rí. Wọn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí oṣù kìíní ń parí lọ, Ọ̀gá Storr fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé Thirza. Kò wá rí. Kùrukùru ti gòkè wá láti orí òkun láàárọ̀, ó ti bo gbogbo ìlú. Ọ̀gá Storr gbọn omi kúrò lára kóòtù rẹ̀, ó tú áńkáṣíìfù kan sórí tábìlì.

"Ṣé o mọ èyí?"

Thirza mọ̀ ọ́n. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Akọ̀wé ìlú ló ní òun fẹ́ fọ̀ ọ́," ni Ọ̀gá Storr wí. "Omi òkun ló sì fi fọ̀ ọ́. Ó ní Kápténì fẹ́ràn òkun. Gbogbo ìwé tí bàbá ẹ̀ rán an lọ kà nìyẹn o! Ó já a sílẹ̀, dígí sán, omi wọlé. Irun ọ̀hún ti ń bu. Ọjọ́ kẹsàn-án ò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ."

"Ọ̀gá, ẹ gbé e fún Màmá Harland. Ọwọ́ tèmi ò tó o."

"Òun ló tún un ṣe nígbà tó bàjẹ́ kẹ́yìn, ìwọ ò tíì dáyé. Mo gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn lọ bá a láàárọ̀ yìí, tòun ti orúnkún mi yìí. Ó ní òun ò ríran. Mo ní kó kàn júwe ẹ̀ fún ẹ. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi."

"Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ yín?"

"Mọ́ mi nímú. Imú yìí gan-an." Ó fọwọ́ kan imú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Fọ̀ ọ́, tún un lọ́, fi dígí tuntun bò ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó jáde. Kùrukùru gbé e mì kó tó rìn dé ìsàlẹ̀ òpópónà.

Lọ́jọ́ kejì, Thirza fi ẹnu ọ̀bẹ ṣí dígí náà. Irun náà wà níbẹ̀, ó lọ́ bí ìkarawun ìgbín, ó pupa lábẹ́ èébu. Nígbà tó fi ẹ̀mú gbé e sókè, ó rí bébà pélébé kan lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ká sí mẹ́rin, tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí. Ó rò pé orúkọ Kápténì ni. Ó jù ú sínú agolo òwú kó má baà tutù.

Ó wá gbé irun náà sínú omi sódà tó ń hó, bó ṣe máa ń ṣe.

Irun ẹni tó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Thirza mọ̀ ọ́n sè. Kò se irun àtijọ́ rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Letty húkọ́ nínú yàrá. Thirza lọ wò ó. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí i nímú. Ó tún gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó padà sídìí ìkòkò, omi nìkan ló bá.

Ó sẹ́ omi náà gba inú aṣọ funfun. Kò sí nǹkan kan lórí aṣọ. Ó gbé aṣọ náà sójú fèrèsé. Kò sí fọ́nrán kan ṣoṣo. Omi náà kò tilẹ̀ pọ́n.

Ó jókòó. Níta, kò gbọ́ igbe ẹyẹ òkun, kò gbọ́ ariwo èbúté. Kùrukùru ti di gbogbo rẹ̀ mọ́nú.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, kì í ṣe pé ó rò ó. Ó kàn rí i pé òun ti dìde. Ó rí àlùmágàjí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Letty ń sùn, ó fẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìrọ̀rí. Ìdì kan péré, lẹ́yìn etí òsì. Ìró tí àlùmágàjí náà ṣe kò ju ti ọmọ tó ń gé bisikíìtì jẹ lọ.

Kí ojú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, irun Letty ti wà lábẹ́ dígí tuntun. Orúkọ òkú wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó kú.

Ọ̀gá Storr wá gbé e lọ́jọ́ kẹta oṣù kejì. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

"Háà! Thirza! Ó dà bíi pé àná ló kú."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni Thirza wí. Kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ń ká aṣọ nígbà tó gbọ́ ìró kan. Ṣíí. Bí ẹja tí wọ́n jù sínú epo gbígbóná. Ó yíjú. Letty dúró nídìí ààrò, ọwọ́ rẹ̀ wà lára kẹ́tù. Ojú fèrèsé ló ń wò. Kò ké. Kò fa ọwọ́ kúrò. Thirza ló sáré fà á. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà ti lé ròrò.

"Letty! Letty, ṣé ó ń dùn ẹ́?"

Ọmọ náà wo ọwọ́ ọ̀hún. "Rárá, Màámi."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí àlejò tí wọ́n bi bóyá yóò mu tíì.

Thirza fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó tutù. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí i nímú, ó gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Èémí wà níbẹ̀. Kò gbóná.

Lọ́jọ́ keje oṣù náà, ó gbé Letty sápá, ó fẹ́ lọ ra òróró fún ọwọ́ náà. Bàbá Tindale jókòó sórí afárá, ó ń tún àwọ̀n ṣe, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dìde. Ó ṣí fìlà. Ó gbé e sí àyà, ó sì dorí kodò.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Kò gbé orí sókè. Thirza rìn kọjá díẹ̀, ó sì padà.

"Bàbá Tindale, ta lẹ ṣí fìlà fún?"

Bàbá náà wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi pé ẹlòmíràn ló fi síbẹ̀. "Èmi? N ò mọ̀, ìyá Letty. Orí ló ń yún mi, àbí kí ni?" Ó dé fìlà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Agbára ń dín kù ni. Iná kékeré wa ńkọ́?"

Ó yọjú sí Letty láti fà á létí. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ padà sókè, ó tún ṣí fìlà.

Níwájú díẹ̀, àwọn alárù èédú mẹ́ta ń fi ara wọn ṣẹ̀sín. Wọ́n dákẹ́ lójijì. Wọ́n ṣí fìlà.

Ní Skarby, tí wọ́n bá ń gbé òkú kọjá, àwọn ọkùnrin á ṣí fìlà, gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà á sì fa kọ́tìnì sílẹ̀. Nígbà tí Thirza yà sí òpópónà ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́tìnì ilé àkọ́kọ́ wá sílẹ̀. Ó gbọ́ ìró òrùka rẹ̀ lórí irin. Ṣéré. Ilé kejì. Ṣéré. Ó yára, kọ́tìnì náà yára. Ó dúró, wọ́n dúró. Kò rí ojú ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wọn. Letty dákẹ́ lápá rẹ̀, ó wúwo ju ti àná lọ.

Ó sá wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Pybus tó ń yan búrẹ́dì.

"Ta ló ń lé ẹ?" ni Ìyá Pybus bi í. "Ṣé Amos ti dé ni? Kí lo fẹ́?"

"Búrẹ́dì kan, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Pybus bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó gbé nǹkan sórí káńtà, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ nípa kùrukùru tí kò jẹ́ kí aṣọ òun gbẹ. Thirza kò fọwọ́ kan ohun tó gbé kalẹ̀. Ó wà nínú bébà funfun. Wọ́n fi ìda dúdú lẹ ẹnu rẹ̀. Bisikíìtì òkú ni, irú èyí tí wọ́n ń pín fún àwọn tó wá sí ìsìnkú.

"Ìyá Pybus, búrẹ́dì ni mo ní."

"Búrẹ́dì kọ́ ni mo gbé fún ẹ?"

"Ẹ wò ó."

Ìyá Pybus wò ó. Ó wò ó pẹ́. "Jésù mi," ló wí pẹ̀lẹ́. "Ta ló kú, Thirza?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ dì í."

"N ò dì í. N ò yan ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó kú."

Ìda dúdú náà kò tíì gbẹ. Letty na ọwọ́ tó jóná náà, ó fa bébà ya, ó mú bisikíìtì kan, ó jẹ ẹ́. Àwọn obìnrin méjèèjì dúró wò ó títí tó fi jẹ ẹ́ tán.

Láti ibẹ̀ ni Thirza ti gun àtẹ̀gùn lọ sọ́dọ̀ Màmá Harland. Kò ra òróró mọ́. Ìyá àgbà náà jókòó sídìí ààrò, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Thirza."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi àti Letty. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀ ni."

Màmá Harland dẹ etí. Abẹ́rẹ́ ìhun rẹ̀ dúró. "N ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀," ló wí.

Ẹsẹ̀ Letty ń rìn lórí pákó. Thirza rí i. Òun náà kò gbọ́ ọ.

"Màmá, mo sè é."

"Kí lo sè?"

"Irun Kápténì. Mo sè é bó ṣe yẹ. Ó yọ́. Kò ku nǹkan kan."

"Kí lo wá fi síbẹ̀?"

Thirza mú ọwọ́ ìyá àgbà náà, ó gbé e sí ẹ̀yìn etí òsì Letty. Ìka wọ̀nyẹn mọ irun ju ojú lọ. Wọ́n wá ibẹ̀ kiri, wọ́n rí ibi tí àlùmágàjí gbà, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Ṣé bébà wà lábẹ́ ẹ̀?" ni Màmá Harland bi í.

"Ó wà."

"O kà á?"

"Màmá, ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé."

Ìyá àgbà náà mí kanlẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ń ṣí fìlà fún un, Màmá. Wọ́n ń fa kọ́tìnì. Kí ló ń ṣe ọmọ mi?"

"Omi ti hó," ni Màmá Harland wí, bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà. " Gbé kẹ́tù sọ̀ kalẹ̀."

Thirza wo ààrò. Kò sí kẹ́tù lórí iná.

Nǹkan kan dún. Letty ti jókòó sórí àga kékeré náà. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Màmá Harland kọ ojú rẹ̀ tó fọ́ síbẹ̀. Kò ní kó dìde. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gbọ́wọ́ sókè, ó tú fìlà orí rẹ̀. Irun rẹ̀ já wálẹ̀ dé ìbàdí, funfun báláú.

"Mú àlùmágàjí. Gé e."

"Màmá, funfun ni. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Kápténì pupa."

"Tèmi náà pupa rí. Gé e, mo ní. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í fún ẹ, o gbọ́? Èmi ni mo ní kó o gé e." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Èyí tó o bá yọ kúrò níbẹ̀, má jó o. Má jù ú nù. So ó padà sórí ẹni tó ni í. Kó tó di ọjọ́ kẹsàn-án."

Thirza gé e. Nígbà tó fẹ́ gbé Letty dìde lórí àga, Màmá Harland na ọwọ́, ó wá orí ọmọ náà kàn, ó rà á lẹ́ẹ̀kan.

"Ó tutù," ló wí. "Máa lọ. Má dúró mọ́."

Ọ̀gá Storr fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí Thirza béèrè ohun ọ̀ṣọ́ náà.

"Kí ló tún dé?"

"Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì mú dáadáa, ọ̀gá. Tí gbogbo àtàǹpàkò yẹn bá tẹ̀ ẹ́, á yẹ̀."

"Ọjọ́ méjì ló kù o! Thirza, tó o bá ba nǹkan yìí jẹ́, inú òkun ni màá gbà lọ. Ìwọ lo máa wá ṣe irun tèmi."

"Màá gbé e wá lọ́la, ọ̀gá."

Ó gbé e fún un, ó ń kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe dé ojú fèrèsé, ó ṣí dígí náà. Gbígbẹ ló fi irun Letty síbẹ̀. Ó mọ̀ dájú. Ó ti nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ó ti rin gbingbin báyìí, omi ń kán lára rẹ̀ sórí tábìlì. Ó fi ìka kan omi náà, ó fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni.

Ó lọ́ irun Màmá Harland síbẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́, ó fi dígí bò ó. Ó funfun nínú wúrà náà bí eyín. Lẹ́yìn náà ó mú òwú, ó gbé Letty sórí itan, ó fi irun tútù náà kan ìdí ibi tó ti gé e, ó sì ta á ní kókó. Ó fà á le.

Letty lanu. Fún ìgbà díẹ̀, ohùn kò jáde. Ó wá ké. Ó ké débi pé dígí fèrèsé gbọ̀n. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú.

"Ó ń jó mi! Màámi, ó ń jó mi!"

Ẹkún ọjọ́ méjì ló ń ké. Aládùúgbò gbá ògiri. "Ìyá Letty, kí lo fi ṣe ọmọ yẹn?" Thirza jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà, ó gbé ojú sí i lọ́rùn. Ọrùn náà gbóná. Kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó jẹ́ kó ké títí ó fi rẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kùrukùru ti lọ. Oòrùn wọ gbọ̀ngàn ìlú. Thirza gbé Letty dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọmọ náà di aṣọ mọ́ ọwọ́, ó ń rojọ́ pé bàtà òun ń fún òun. Láti ibi tí Thirza dúró sí, ó ń rí irun náà lórí tábìlì. Ó funfun. Thirza ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ pariwo.

Apẹja àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò kàn án. "Ó mà pupa o," ló wí.

Ẹnì kejì ní, "Ó pupa ju ti èṣí lọ."

Bàbá Tindale dúró níwájú rẹ̀, ó mi orí. "Bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyí. Bí iná." Nígbà tó ń bọ̀, ó fa Letty létí. "Ìwọ náà, sún sẹ́yìn kó o má baà jó wa." Fìlà rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kò ṣí i.

Ọ̀gá Storr sẹ́jú sí Thirza láti ẹ̀yìn tábìlì, inú rẹ̀ ń dùn. Thirza rìn súnmọ́ ọn. Ó wo inú dígí náà. Funfun. Ó nu ojú, ó tún wò ó. Funfun.

"Letty, wò ó. Àwọ̀ wo nìyẹn?"

Letty wò ó. Ó wá ki ojú bọ ọrùn ìyá rẹ̀, kò sì gbé e sókè mọ́ títí wọ́n fi jáde.

Thirza ra búrẹ́dì fún Màmá Harland, ó gbé e gun àtẹ̀gùn. Kọ́tìnì ti wá sílẹ̀. Ìyá àgbà náà jókòó sórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kékeré náà. Ó na apá yí i ká, bí èèyàn ṣe ń gbá ẹni tó jókòó síbẹ̀ mọ́ra. Ó ti tutù. Thirza kò sunkún. Ó gbé búrẹ́dì sórí tábìlì. Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn pa dé.

Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, àwọn ilé fa kọ́tìnì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún.

Ọdún ti gorí ọdún. Letty ti lọ́kọ, ó ti bímọ ọkùnrin méjì tí ariwo wọn kì í tán. Irun rẹ̀ ṣì pupa, àfi ìdì kan lẹ́yìn etí òsì tó ń hù ní funfun. Lọ́dọọdún ni Thirza ń lọ sí gbọ̀ngàn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sọ pé ó pupa. Kò jiyàn rí.

Nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ kíláàsì àgbàlagbà ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Thirza jókòó sáàárín àwọn apẹja méjì tí ìka wọn ń ṣẹ́ pẹ́ńsù. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín pé ó ń ka ìwé bí ẹni tó ń ṣa eegun ẹja lẹ́nu. Ó gbà á ní ọdún méjì kó tó lè ka ojú pátákó ṣọ́ọ̀bù láìdúró.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń wá òwú dúdú tó máa fi rán bọ́tìnì. Ó da agolo sórí tábìlì. Bébà pélébé kan bọ́ jáde láàárín àwọn òwú, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Kò fi han ẹnikẹ́ni rí. Ó ń bẹ̀rù nígbà náà pé ẹni tó bá kà á fún òun á béèrè ibi tó ti rí i. Nígbà tó yá, ó gbàgbé rẹ̀.

Ó tú u. Ó gbé e sójú fèrèsé. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì kà á sókè.

"Kì í ṣe irun Kápténì nìyí. Irun Ruth Harland ọmọ mi ni. Ó wà láàyè nígbà tí mo gé e."